Awọ Fọ́nrán Náánò àti Àwọn Asẹ́ Omi Yòókù: Èwo Ló Bá Omi Yín Mu?

Ọdún méjì gbáko ni mo fi lo asẹ́ omi kan tí wọ́n kọ "0.1 máíkírọ́ọ̀nù" sí lára (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà). Omi tó ń jáde nínú rẹ̀ mọ́ gaara, kò rùn, ọkàn mi sì balẹ̀. Ìgbà tí mo wá bu omi náà lọ fún àyẹ̀wò ni èsì fi hàn mí pé kò sí bakitéríà kan nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ iye òjé tó wọlé ni iye òjé tó jáde. Asẹ́ náà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ìbéèrè tó yẹ kí n bi kí n tó rà á ni n kò bi. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìfiwéra yìí, pàápàá fún ẹni tó ti gbọ́ nípa awọ fọ́nrán náánò, ìyẹn awọ tí wọ́n fi okùn tó tín-ín-rín ju irun lọ ṣe, tí wọ́n ní ó ń mú mẹ́tàlì àti bakitéríà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń rò ó bóyá kí òun rà á tàbí kí òun di èyí tí àwọn ènìyàn ti ń lò tipẹ́ mú.

## Ìṣòro méjì ló wà nínú ife kan

Bakitéríà ní ara. E. coli, tí wọ́n sábà máa ń wá nínú omi láti mọ̀ bóyá ìgbọ̀nsẹ̀ ti kàn án, gùn tó máíkírọ́ọ̀nù kan sí méjì, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì máíkírọ́ọ̀nù. Bí ihò asẹ́ bá jẹ́ 0.2 máíkírọ́ọ̀nù, kò ríbi gbà kọjá. Fáírọ́ọ̀sì kéré sí i gan-an: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bá omi rìn wà láàárín 20 sí 100 nánómítà, nánómítà 1,000 ló sì wà nínú máíkírọ́ọ̀nù kan.

Òjé tó ti yòrò sínú omi kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tòun ti omi tó rọ̀gbà yí i ká, kò tó nánómítà kan. Ihò 0.1 máíkírọ́ọ̀nù tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ nígbà yẹn fẹ̀ tó 100 nánómítà; ẹyọ òjé tó lé ní ọgọ́rùn-ún lè tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n sì jọ gba ibẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kádímíọ̀mù, bàbà àti ásẹ́níìkì. Kìkì mẹ́tàlì tó bá ti lẹ̀ mọ́ ìpẹtà tàbí ẹrẹ̀ ni ihò lè dá dúró, nítorí ẹrẹ̀ ni asẹ́ ń mú, mẹ́tàlì kàn bá a lọ ni.

Ihò ló ń dá bakitéríà dúró. Ohun tó lè di mẹ́tàlì mú ló ń dá mẹ́tàlì dúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń ka ohun tí wọ́n kọ sára asẹ́ èyíkéyìí.

Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún omi mímu jẹ́ ká rí bí nǹkan tí à ń lé ti kéré tó: òjé 0.01 mílígíráàmù nínú lítà kan, ásẹ́níìkì 0.01, mákúrì 0.006, kádímíọ̀mù 0.003. Ní ti E. coli, a kò gbọ́dọ̀ rí ẹyọ kan nínú mílílítà 100. Ti òjé tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí ìwọ̀n kankan tí wọ́n mọ̀ tí kì í pa ọpọlọ ọmọdé lára.

## Bí wọ́n ṣe ń ṣe awọ náà

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ẹ̀rọ náà díẹ̀. Wọ́n á yọ́ ike sínú èròjà olómi títí yóò fi ki, wọ́n á sì fà á sínú sírínjì tó ní abẹ́rẹ́ irin. Wọ́n á wá so iná mànàmáná tó lágbára mọ́ abẹ́rẹ́ náà, nǹkan bíi 10,000 sí 30,000 fóòtì. Ẹ̀kán tó bá yọ sí ẹnu abẹ́rẹ́ náà kò ní kán sílẹ̀ bí omi. Iná yẹn yóò máa fà á títí yóò fi rí ṣóńṣó, láti ẹnu ṣóńṣó yẹn sì ni okùn kan tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí yóò ti tú jáde, tí yóò máa jà pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀, tí yóò máa yí bírípo bírípo nínú afẹ́fẹ́. Èròjà olómi inú rẹ̀ á ti gbẹ kó tó balẹ̀ sórí páànù irin tó wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20 níwájú. Bí ẹ bá padà débẹ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ẹ ó bá awọ funfun kan lórí páànù náà, ó rọ̀, ó fúyẹ́, bí ìgbà tí ẹgbẹ̀rún alántakùn jọ ta okùn síbì kan láìsinmi.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Ọdún 1902 ni John Francis Cooley àti William James Morton, olúkúlùkù lọ́tọ̀, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Anton Formhals gba tirẹ̀ ní 1934. Geoffrey Taylor ló fi ìṣirò ṣàlàyé ṣóńṣó ẹnu abẹ́rẹ́ yẹn ní 1964, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é dòní.

Ohun méjì ló mú kí awọ yìí wúlò fún omi. Fọ́nrán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń wà láàárín 50 sí 1,000 nánómítà, nígbà tí ẹyọ irun orí kan nípọn tó nǹkan bíi 80,000. Bí ẹ bá wá wo gbogbo awọ náà, ó máa ń lé ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó jẹ́ àyè òfìfo. Omi á rọra fi ìwúwo ara rẹ̀ nìkan ṣàn kọjá, kò ní nílò ẹ̀rọ tó ń tì í lẹ́yìn. Ìkejì, fọ́nrán tó tín-ín-rín tó báyìí ní ojú púpọ̀ fún gíráàmù kọ̀ọ̀kan, ojú yẹn ni wọ́n sì ń gbin èròjà tó ń di mẹ́tàlì mú sí.

Kì í ṣe ọ̀nà abẹ́rẹ́ nìkan ló wà. Fọ́nrán alumíníọ́ọ̀mù wà tí kò ju nánómítà 2 lọ ní fífẹ̀, tí wọ́n ń fi sára bébà onídígí. Iná tó wà lára rẹ̀, irú èyí tó ń mú kí ọ̀rá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ló ń fa kòkòrò mọ́ra. Ní 2016, Raffaele Mezzenga àti Sreenath Bolisetty ní ilé ẹ̀kọ́ ETH Zurich ní Switzerland tẹ awọ kan jáde tí wọ́n fi pórótíìnì inú omi wàrà àti èédú ṣe, tó ń di òjé, mákúrì àti àwọn mẹ́tàlì mìíràn mú. Ní Yunifásítì Stellenbosch ní South Africa, ọdún 2010 ni ẹgbẹ́ Eugene Cloete fi àpò kékeré kan han aráyé, tó dà bí àpò tíì, tí wọ́n fi fọ́nrán náánò tó ń pa kòkòrò ṣe, èédú wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń kì í bọ ọrùn ìgò.

Ẹ rí i pé orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀. "Fọ́nrán náánò" ń sọ bí okùn náà ti tín-ín-rín tó, kò sọ ohun tó lè mú. Awọ tí wọ́n fi ike lásán ṣe, tí wọn kò gbin nǹkan kan sí lára, lè dá bakitéríà dúró dáadáa kó má sì mú òjé rárá. Ibi tí ọ̀pọ̀ olùrà ti ń ṣìnà nìyí.

## Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ọ̀nà | Bakitéríà | Fáírọ́ọ̀sì | Òjé tó ti yòrò | Ohun tó ń béèrè |
|---|---|---|---|---|
| Omi sísè | ó ń kú | ó ń kú | kò lọ, ó tún ń ki sí i | iná ìdáná |
| Kílórínì | ó ń kú | ó ń kú | kò lọ | ìwọ̀n tó péye àti àkókò |
| Asẹ́ amọ̀ sísun | ó ń dúró | ọ̀pọ̀ ń kọjá | kò lọ | sùúrù, fífọ̀ |
| Asẹ́ onítúùbù | ó ń dúró | bí ihò bá kéré tó | kò lọ | fífi omi tì í padà |
| Èédú | kò tó gbára lé | rárá | èyí tí wọ́n ṣe fún un nìkan | pípààrọ̀ lákòókò |
| RO (reverse osmosis, títi omi gba inú awọ tó há gan-an) | ó ń dúró | ó ń dúró | ó ń lọ | agbára ìtì, omi ìdànù |
| Awọ fọ́nrán náánò | ó ń dúró | bí iná tàbí ihò rẹ̀ bá tó | bí wọ́n bá gbin èròjà sí i | pípààrọ̀ lákòókò, omi tí kò ní ẹrẹ̀ |

Omi sísè àti kílórínì kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀. Méjèèjì ń pa bakitéríà, àmọ́ kílórínì kì í rí ti Cryptosporidium, kòkòrò omi kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ṣe dáadáa, omi híhó ló ń kápá ìyẹn. Ní ti mẹ́tàlì, kò sí èyí tó ń ràn wá lọ́wọ́ nínú méjèèjì. Sísè tilẹ̀ lè dá kún un: lítà 2 omi tí òjé inú rẹ̀ jẹ́ 0.012 mílígíráàmù nínú lítà kan, bí ó bá hó títí ó fi ku lítà kan àbọ̀, òjé inú rẹ̀ ti di 0.016. Omi gbẹ, òjé kò gbẹ. Ẹni tó bá mọ̀ pé òjé wà nínú omi òun, kó má ṣe gbójú lé ìkòkò.

Asẹ́ amọ̀ sísun ni mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú àwọn asẹ́ àtijọ́. Ó lọ́ra, àmọ́ bí ẹrẹ̀ bá dí i lójú, ẹ ó mú kànìnkànìn, ẹ ó fi ha á fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún awọ fọ́nrán náánò. Ó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ nígbà mìíràn, kànìnkànìn yóò fà á ya, ẹ sì lè má fojú rí ibi tó ti ya. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń tẹ́ ẹ sórí aṣọ tó nípọn tàbí kí wọ́n fi aṣọ há a láàárín. Bí ẹ bá rí èyí tó wà lásán láìsí aṣọ ìtìlẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀.

Asẹ́ onítúùbù, ìyẹn àwọn túùbù ike tín-ín-rín tí wọ́n dì pọ̀ bí ìgbálẹ̀ tí ara wọn kún fún ihò láàárín 0.01 sí 0.1 máíkírọ́ọ̀nù, ni alábàádíje gidi. Ní ti bakitéríà nìkan, mo gbà pé òun ló tayọ. Ó lágbára, ẹ lè fi omi tì í padà láti ẹ̀yìn kí ẹrẹ̀ jáde, ó sì lè pẹ́ fún ọdún. Bí àyẹ̀wò omi yín bá fi hàn pé kò sí mẹ́tàlì tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sí ìdí tí ẹ ó fi wá fọ́nrán náánò kiri.

RO yàtọ̀ sí gbogbo wọn nítorí pé awọ rẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún nǹkan púpọ̀ ju omi lọ. Ó ń lé òjé, kádímíọ̀mù, iyọ̀, fulóráìdì àti náítíréètì. Gbèsè rẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ fi agbára ti omi wọ inú rẹ̀, apá kan omi náà yóò sì dànù lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé, ohun tó ń dànù máa ń tó ohun tí ẹ mu tàbí kó jù ú lọ. Kílórínì sì máa ń ba awọ rẹ̀ jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi èédú ṣáájú rẹ̀. Bí omi yín bá ní iyọ̀ tàbí fulóráìdì pẹ̀lú mẹ́tàlì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fọ́nrán náánò tàn yín, nítorí iyọ̀ yóò gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. RO ni ẹ nílò.

Èédú dára fún òórùn, adùn kílórínì àti ọ̀pọ̀ kẹ́míkà. Àwọn kan wà tí wọ́n ti pò mọ́ èròjà tó ń mú òjé, ìwọ̀nyẹn sì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ bakitéríà fẹ́ràn èédú. Ó máa ń sọ ọ́ di ilé, ó sì ń bímọ síbẹ̀.

## Ti mẹ́tàlì: ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo

Èròjà tí wọ́n gbin sára fọ́nrán dà bí ìjókòó, mẹ́tàlì kọ̀ọ̀kan tó dé ń gba ìjókòó kan. Oríṣi ìjókòó sì wà. Èyí tó ní sọ́fọ̀ (imí ọjọ́) nínú ń fa mákúrì bí ẹni fa ọmọ ìyá rẹ̀. Èyí tó ní náítírójìn nínú, bíi ti káítósàn tí wọ́n ń rí lára èèpo edé àti akàn, ń mú bàbà dáadáa. Ásẹ́níìkì ń lẹ̀ mọ́ ìpẹtà irin, nítorí náà awọ tí wọ́n fi ìpẹtà irin kún ló wà fún un. Oríṣi ásẹ́níìkì kan tilẹ̀ wà, tó wọ́pọ̀ nínú omi abẹ́ ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé, tó ṣòro láti mú àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi kílórínì tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ yí i padà. Ẹ ó wá rí ìdààmú tó wà níbẹ̀: kílórínì kan náà tó ń ran asẹ́ ásẹ́níìkì lọ́wọ́ ń jẹ ìjókòó oní-sọ́fọ̀ run. Torí náà, "ó ń mú mẹ́tàlì" kì í ṣe ìdáhùn. Mẹ́tàlì wo?

Ẹ wá jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò. Ká ní awọ kan wọn gíráàmù 2, olùtà sì sọ pé gíráàmù kọ̀ọ̀kan lè gba 50 mílígíráàmù òjé. Gbogbo rẹ̀ di 100. Ká ní òjé inú omi yín jẹ́ 0.05 mílígíráàmù nínú lítà kan, ìlọ́po márùn-ún ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí, ẹ sì ń sẹ́ lítà 20 lójúmọ́. Mílígíráàmù kan ló ń wọlé lójúmọ́, awọ náà yóò sì lò tó ọgọ́rùn-ún ọjọ́.

Lórí ìwé nìyẹn. Iye 50 yẹn, yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti sábà máa ń rí i, nínú omi tí kò ní nǹkan mìíràn nínú, tí wọ́n sì da òjé tó pọ̀ sí. Bí wọ́n bá lo 100 mílígíráàmù nínú lítà kan, ìyẹn jẹ́ ìlọ́po 2,000 ohun tó wà nínú omi tiwa yìí. Níbi tí òjé ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìjókòó á kún fọ́fọ́. Níbi tó ti kéré, ọ̀pọ̀ ìjókòó kì yóò rí òjé gbà. Kálísíọ̀mù tó wà nínú omi yín sì lè pọ̀ ju òjé lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, òun náà ń wá ibi jókòó. Bí ó bá jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún péré ló kù nínú ohun tí olùtà sọ, ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ti di ogún ọjọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ogún àti ọgọ́rùn-ún yẹn, inú ara ọmọ ló ń lọ.

Ìṣirò yìí ṣe pàtàkì ju ti bakitéríà lọ nítorí ohun kan. Bí ẹrẹ̀ àti bakitéríà bá ti pọ̀ lójú asẹ́, omi á bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ra, ẹ ó mọ̀. Bí ìjókòó mẹ́tàlì bá kún, omi kò ní lọ́ra, àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí, adùn rẹ̀ kò ní yí, òjé á kàn bẹ̀rẹ̀ sí kọjá ni. Nígbà mìíràn, mẹ́tàlì tó dì mọ́ ọn dáadáa máa ń lé èyí tó ti jókòó tẹ́lẹ̀ kúrò, ohun tó ń jáde á wá ju ohun tó ń wọlé lọ fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn tó ṣe ìlànà NSF/ANSI 53, tí wọ́n fi ń dán asẹ́ wò fún òjé, mọ èyí. Bí asẹ́ kò bá ní ohun tó ń kìlọ̀ fún olùlò pé àkókò rẹ̀ ti pé, wọ́n á dán an wò dé ìlọ́po méjì iye lítà tí olùṣe sọ. Bí ó bá ní ohun ìkìlọ̀, wọ́n á dúró ní ìdá 120 nínú 100. Omi tí wọ́n fi ń dán an wò ní 0.15 mílígíráàmù òjé nínú lítà kan, wọ́n sì máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú omi tí pH rẹ̀ (òdiwọ̀n bí omi ti kan tó) jẹ́ 6.5 àti èyí tó jẹ́ 8.5, nítorí òjé kì í hùwà kan náà nínú méjèèjì. Nígbà tí olùtà bá sọ fún mi pé wọ́n ti dán asẹ́ òun wò, èyí ni mò ń béèrè: omi wo, pH mélòó, ó dé lítà mélòó?

Àwọn kan máa ń sọ pé a lè fọ awọ náà pẹ̀lú ásíìdì kí ìjókòó lè ṣófo, ká sì tún lò ó. Òótọ́ ni nínú yàrá àyẹ̀wò. Nínú ilé, ásíìdì tó kún fún òjé ló máa kù sí yín lọ́wọ́, kò sì sí ibi tó yẹ kí ẹ dà á sí. Ẹ má ṣe é.

## Ti bakitéríà: ẹ ka iye 9 tó wà nínú rẹ̀ dáadáa

Bí lítà omi kan bá ní bakitéríà mílíọ̀nù kan, asẹ́ tó ń mú ìdá 99 nínú 100 kúrò fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sílẹ̀. Èyí tó ń mú 99.9999 kúrò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Lójú ẹni tó ń kánjú, méjèèjì jọra. Ìlànà tí EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1987 fún asẹ́ tó fẹ́ pe ara rẹ̀ ní aṣòdì sí kòkòrò béèrè 99.9999 fún bakitéríà, 99.99 fún fáírọ́ọ̀sì, àti 99.9 fún ẹyin àwọn kòkòrò bíi Giardia. Ìyẹn ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n.

Ihò awọ fọ́nrán náánò kò dọ́gba, nítorí okùn náà balẹ̀ bó ṣe wù ú. Olùtà tó bá ń sọ "ìpíndọ́gba ihò" fún yín, ẹ bi í léèrè pé mélòó ni èyí tó tóbi jù. Inú ihò tó tóbi jù ni bakitéríà máa ń gbà.

Àwọn kan gbára lé iná tó wà lára fọ́nrán dípò ihò. Ọgbọ́n yìí dára gan-an fún fáírọ́ọ̀sì, nítorí ihò wọn lè fẹ̀ tó máíkírọ́ọ̀nù 2, kí omi máa ṣàn dáadáa, kí fáírọ́ọ̀sì sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ iná yẹn ń rẹ̀ bí ìdọ̀tí bá bò ó tàbí tí omi bá ní iyọ̀ púpọ̀. Àwọn mìíràn fi èérún fàdákà sí fọ́nrán kó máa pa bakitéríà. Fàdákà nílò àkókò láti ṣiṣẹ́, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń bọ́ sínú omi. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé 0.1 mílígíráàmù nínú lítà kan kò léwu, nítorí náà ẹ béèrè iye tó ń jáde lára awọ náà. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti jáde tán, ẹ ti pàdánù ẹni tó ń ṣọ́nà.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú fàdákà ni pé bakitéríà tí asẹ́ lásán mú kì í kú. Ó wà níbẹ̀. Mo fi asẹ́ mi kan sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú omi nínú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, ara rẹ̀ ń yọ̀ bí òkúta etí odò, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá. Mo sọ ọ́ nù.

## Tí èmi bá fẹ́ yàn fún yín

Bí kì í bá ṣe mẹ́tàlì ni ìṣòro, ẹ mú asẹ́ onítúùbù tàbí ti amọ̀. Bí iyọ̀, fulóráìdì tàbí náítíréètì bá wà níbẹ̀, ẹ mú RO. Bí ó bá jẹ́ òjé nìkan láti inú páìpù àtijọ́, tí omi náà kò sì ní kòkòrò, èédú tí wọ́n ṣe fún òjé tó sì ti yege nínú NSF/ANSI 53 ti tó yín.

Awọ fọ́nrán náánò rí ibi tirẹ̀ láàárín wọn: níbi tí mẹ́tàlì àti bakitéríà ti jọ wà, tí kò sí iná mànàmáná, tí omi kò fi agbára tú jáde, tí ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ da ìdajì omi nù. Níbẹ̀, kò sí ohun tó tó o nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀. Àmọ́ ẹ má fi òun nìkan sí i. Ẹ fi asẹ́ tó nípọn, tó sì rọrùn láti fọ̀, ṣáájú rẹ̀ kó máa gba ẹrẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ lè dí awọ olówó iyebíye yìí lójú ní ọjọ́ díẹ̀ nígbà tí ìjókòó mẹ́tàlì rẹ̀ kò tíì kún dé ibì kankan.

Ẹ ṣàyẹ̀wò omi yín kí ẹ tó ra ohunkóhun. Fún òjé, ẹ jẹ́ kí omi dúró nínú páìpù fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, ìyẹn mọ́júmọ́, kí ẹ sì bu lítà àkọ́kọ́ tó bá jáde láìkọ́kọ́ jẹ́ kó ṣàn. Bí ẹ bá ti ra asẹ́, ẹ tún gbé omi tó ń jáde nínú rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò nígbà tó bá lo ìdajì ọjọ́ tí wọ́n sọ, kì í ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan. Ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo asẹ́ ló dára.

Ẹ mú ife lítà kan, ẹ wo aago, kí ẹ sì kọ ìṣẹ́jú tó gbà kó kún sára asẹ́ náà pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ fi í sí. Bí ìṣẹ́jú yẹn bá di ìlọ́po méjì, ẹrẹ̀ ti ń bò ó. Bí ó bá ṣàdédé dín kù, tí omi wá ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má yọ̀: ó ṣeé ṣe kí awọ náà ti ya. Ẹ sì máa ka lítà. Mo ní ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ asẹ́ mi tí mò ń fa ilà sí ní gbogbo ìgbà tí mo bá bu korobá kan sí i, nítorí ìjókòó mẹ́tàlì kò mọ oṣù, lítà ló mọ̀.

Nígbà tó bá kún, ẹ má là á, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì jó o. Gbogbo òjé tí kò wọ inú yín láti ọjọ́ tí ẹ ti ń lò ó, inú awọ yẹn ló wà. Ẹ wé e sínú ọ̀rá kó má kán sílẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí ọmọdé kò lè dé, kí ẹ sì kó o fún àwọn tó ń gba bátìrì àtijọ́ àti ìdọ̀tí olóró.